Eṣinṣin tó ń pa kòkòrò àgbàdo: báwo lẹ ṣe ń mú un jáde láàyè?

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kòkòrò. Ọ̀nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn, ni àgbàdo mi wà. Fall armyworm, kòkòrò ajẹwé tó wọ Nàìjíríà ní 2016, ló wà láàárín ewé rẹ̀.

Lára díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò yìí, ẹyin funfun tínńtín lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orí, níbi tí ẹnu wọn ò lè dé. Ti eṣinṣin tachinid ni, èyí tí ìdin rẹ̀ ń jẹ kòkòrò náà láti inú. Kì í ṣe ti agbọ́n Cotesia, torí inú kòkòrò nìyẹn ń yé sí, ọmọ rẹ̀ a sì ran òwú bo ara rẹ̀ tó bá jáde.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kó wọn sínú ike, torí wọ́n máa ń jẹ ara wọn: ewé àgbàdo tútù lójoojúmọ́, bébà ìnuwọ́ nísàlẹ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ lẹ́nu ike. Àwọn tó bọ́ awọ kí ẹyin tó pa, ẹyin bá awọ lọ. Ìyẹn ò ṣòro lóye. Lára àwọn yòókù, ìdin jáde lóòótọ́, ó di kóró pupa rúsúrúsú bíi hóró ìrẹsì, ibẹ̀ ló sì parí sí, kò di eṣinṣin. Tí mo bá wọ́n omi, èébu á bò ó. Tí mi ò bá wọ́n ọn, á gbẹ.

Ṣé inú iyanrìn ló yẹ kí n sin ín sí? Kó jìn tó báwo, kó sì tutù tó báwo? Eṣinṣin àgbà ń mu oje òdòdó: èwo lẹ ń fi sílẹ̀ létí oko fún un? Tó bá sì di dandan ká fín nǹkan, ṣé omi hóró dóńgóyárò ò ní pa á bíi ti emamectin, oògùn apakòkòrò?