Okùn fluorocarbon wo ló yẹ fún ẹja bass?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Okùn ìpẹja náílọ́ọ̀nù ni mo ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n omi adágún tí mo ń lọ mọ́ gaara, ó sì jọ pé àwọn ẹja ń rí okùn kí wọ́n tó dé ìdí ìdẹ. Ṣé fluorocarbon, irú okùn oníke mìíràn yẹn, yóò yàtọ̀?

Ìdáhùn kìíní: Yóò yàtọ̀. Bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ (1.42) sún mọ́ ti omi (1.33) ju ti náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà ojú ẹja kì í tètè mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí okùn tí ẹja kò lè rí rárá, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sára páálí rẹ̀. Okùn tí agbára rẹ̀ kó tó já jẹ́ pọ́n-ùn 6 sí 8 tó fún ìdẹ kéékèèké. Láàárín koríko àti igi tó rì, ẹ lo 15 sí 20.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ má fi so ìdẹ tó ń léfòó, nítorí pé ó wúwo ju omi lọ, yóò sì máa fa imú ìdẹ náà wọlẹ̀.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ ṣọ́ kókó tí ẹ fi ń so okùn mọ́ ìdẹ o! Ẹja ńlá kan já mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo wo ẹnu okùn náà, ó ti ká wérewère bí irun tí iná rà. Gbígbẹ ni mo fa kókó náà le, ooru sì ti bà á jẹ́. Ẹ fi itọ́ rin ín, kí ẹ fà á díẹ̀díẹ̀.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Pọ́n-ùn 8 ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.