Ọ̀dà kì í le nísàlẹ̀ ọkọ̀, kílíà sì ń hu eruku: ṣé bọ́nà ló kéré?

Akunkọ̀_Ìdú béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Spray booth, ìyẹn yàrá tí a ti ń kun ọkọ̀, tó sì tún ń fi ooru yan ọ̀dà, la ń lò níbi iṣẹ́ wa ní Ìdú, Àbújá. Mítà 7 ni gígùn rẹ̀, mítà 4 ni fífẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti òkè àjà sọ̀kalẹ̀, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀ jáde. Fáànù 2 ló ń gbé e wọlé, 1 ló ń fà á síta, bọ́nà, ẹ̀rọ tó ń jó dísù, ló sì ń mú un gbóná.

Láti ìgbà tí ọ̀yẹ́ ti dé, kílíà, ọ̀dà dídán tí a fi ń parí ojú ọkọ̀, ń hu kókó eruku, pàápàá lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, à ń yan án ní 60°C fún ìṣẹ́jú 30 bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, orí ọkọ̀ á le kankan, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀kùn á ṣì máa gba èékánná. Bọ́nà ń kú, ó ń tàn, ó tún ń kú, dísù sì ń lọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹnì kan tó ń ta ẹ̀rọ ní ká ra bọ́nà tó tóbi ju èyí lọ. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.

Ẹlẹ́rọ_Atẹ́gùn:

Ẹ má tíì ra bọ́nà kankan o. Bọ́nà tó ń kú tó ń tàn, ohun tó sábà ń ṣe é ni pé ooru rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé e lọ. Ooru á jọ sídìí rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ààbò á pa á, á tutù díẹ̀, á tún tàn. Bí ẹ bá gbé èyí tó tóbi síbẹ̀, á tètè máa kú ju èyí lọ ni, nígbà tó bá sì yá, irin tí iná ń jó nínú rẹ̀ á là.

Lójú tèmi, ibì kan náà ni eruku àti ọ̀dà rírọ̀ yìí ti wá: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti dínkù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí. Ẹ tan fáànù bí ẹni fẹ́ kun ọkọ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kékeré ní ìwọ̀n ìka kan, kí ẹ fi tíṣù sójú àlàfo náà. Bí ó bá fẹ́ síta díẹ̀, ó dáa. Bí ó bá fà wọlé, a jẹ́ pé fáànù tó ń fà síta ti borí àwọn tó ń gbé wọlé, yàrá yẹn sì ń mu afẹ́fẹ́ láti gbogbo ihò tó bá rí: rọ́bà ilẹ̀kùn, ojú gíláàsì iná, oríkèé ògiri. Afẹ́fẹ́ yẹn kò gba inú fílítà kankan kọjá. Ẹ lè máa fi aṣọ nu ọkọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kókó á ṣì hù.

Ohun tó sábà ń fa èyí lásìkò yìí ni fílítà àkọ́kọ́, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Eruku ọ̀yẹ́ tó ń ti apá Bodélé ní Chad wá kúnná púpọ̀, kò dà bí ilẹ̀ pupa tí táyà ń gbé sókè. Fílítà tó lo oṣù mélòó kan lásìkò òjò lè dí pa láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti òkè àjà. Nígbà yíyan, nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú 100 afẹ́fẹ́ náà ló ń yí po, gbogbo ìgbà tó bá sì yí ló ń gba fílítà àjà kọjá. Bí ìyẹn bá dí, ooru kò ní dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ tún yẹ fáànù wò. Fáànù onígbá bí irú èyí, tí abẹ rẹ̀ ń yí nínú ìgbá irin, bó bá ń yí sẹ́yìn, á ṣì máa fẹ́ síbi tó yẹ kó fẹ́ sí, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti lọ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Ẹ tàn án, ẹ pa á, kí ẹ wo ibi tó ń yí sí nígbà tó bá fẹ́ dúró, ẹ fi wé ọfà tí wọ́n yà sára rẹ̀. Kí ẹ ṣe é lórí iná NEPA, kí ẹ tún ṣe é lórí jẹnẹrétọ̀.

Ọ̀gáIná_Kubwa:

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá tilẹ̀ dára, ìṣẹ́jú 30 yẹn kò tó lásìkò yìí. 60 tó wà lójú ẹ̀rọ, ti afẹ́fẹ́ ni. Òkè ni sẹ́ńsọ̀ wà, níbi tí ooru ti kọ́kọ́ ń dé. 60°C tó wà nínú ìwé kílíà, irin ọkọ̀ ló ń bá wí. Orí ọkọ̀ jẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ ẹnu ooru gan-an; abẹ́ ilẹ̀kùn jẹ́ irin onípele méjì mẹ́ta nítòsí ilẹ̀ tútù. Láàárọ̀ ọ̀yẹ́, bí irin bá bẹ̀rẹ̀ láti 18°C, ìṣẹ́jú 20 lè lọ kí ibẹ̀ tó gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ ṣírò ohun tó kù fún un.

Ẹ ra ohun ìwọn ooru oníwáyà, irú tí wọ́n ń pè ní type K. Ẹ fi téèpù tó ń gba ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ẹ kò kùn. Ìgbà tó bá ka 60 ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú 30. Ohun ìwọn ooru tó rí bí ìbọn, tí kì í fara kan irin, náà wúlò, àmọ́ ojú tí a ti kùn ni kí ẹ na án sí. Lórí irin tó ń dán, irọ́ ló máa pa. Ẹ lè gbé afẹ́fẹ́ sí 65 tàbí 70, ṣùgbọ́n bí bọ́ńpà oníke bá wà lára ọkọ̀, ẹ má kọjá ibẹ̀, ó lè tẹ̀.

Kí ẹ tó tan iná, kí fáànù fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí tínà jáde. Ẹni tó bá kánjú, ojú ọ̀dà ló máa kọ́kọ́ gbẹ, tínà tó há sábẹ́ á wá da á lu wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́.

Bọ́nà fúnra rẹ̀: èéfín dúdú ń sọ pé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ kò tó, tàbí nozzle, ẹnu tó ń fọ́n epo, ti jẹ. Èéfín funfun tó ń rùn dísù, epo ló ń jáde láìjó. Ẹ wo omi nínú táǹkì, ẹ wo fílítà epo. Ẹ nu ojú kékeré tó ń ṣọ́ iná, nítorí bí ẹ̀fín bá bò ó, á rò pé iná ti kú. Èyí tó burú jù ni kí òórùn èéfín máa wọ inú yàrá nígbà yíyan. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Irin tó ya iná nípa kúrò lára afẹ́fẹ́ ti là nìyẹn. Ọ̀dà funfun á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èéfín yẹn sì lè pa èèyàn.

Ìyá_Ọlọ́dà:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, àyàfi ibi tí wọ́n ti ní kí tíṣù fẹ́ síta. Kẹ́míkà isocyanate wà nínú hádínà, ohun tí a ń pò mọ́ kílíà kó lè le, imú kì í sì tètè gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó ṣe jàǹbá. Ásímà ló ń fà. Bí yàrá bá ń tú síta, ẹni tó ń lu páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí kò bo nǹkan kan, òun ló ń fà á símú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ó dọ́gba, tàbí kí ó fà wọlé ṣínńṣín, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń kùn gan-an, ìbòmú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń gba okùn wá bá ni kó lò. Ìbòmú oníèédú kò tó. Kó má ṣí ìbòmú náà bó bá ti fi ìbọn ọ̀dà sílẹ̀, kí fáànù kọ́kọ́ fọ yàrá náà mọ́.

Tínà ńkọ́? Lọ́sàn-án ọ̀yẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ fúrúfúrú, ẹ lo èyí tó ń pẹ́ gbẹ. Bí ẹ bá lo èyí tó yá, ọ̀dà á ti gbẹ kó tó balẹ̀, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka, ẹ ó sì máa pè é ní eruku. Ẹ lè da omi sílẹ̀ níta níwájú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n kí omi má ta sí fílítà.

Akunkọ̀_Ìdú:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Tíṣù fà wọlé, kì í tilẹ̀ ṣe díẹ̀. Fílítà iwájú ti pọ́n bí ilẹ̀. Fáànù kejì tó ń gbé wọlé sì ń yí sódì ọfà; mọ́tò rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ oníwáyà ṣáájú ọ̀yẹ́. Ṣé mo lè fọ fílítà náà, tàbí kí n fi afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọ́n ọn? Ó ti ń wọ́n.

Ẹlẹ́rọ_Atẹ́gùn:

Fáànù yẹn nìkan lè jẹ́ ìdajì ìṣòro yín. Ẹ pa iná níbi máíńsì, ẹ ti í pa, kí ẹ pààrọ̀ wáyà 2 nínú 3 tó wọ mọ́tò náà fún ara wọn, á yí síbi tó yẹ. Bí gbogbo fáànù bá ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ibi tí wáyà jẹnẹrétọ̀ ti wọlé ni ẹ ti máa tún un ṣe, kì í ṣe lára mọ́tò.

Fílítà àjà, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fọ́n ọn. Gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ tó ń di eruku mú. Bí ìyẹn bá ti lọ, gbogbo ohun tó ti mú á balẹ̀ sórí kílíà. Ti iwájú, irú tí wọ́n ń pè ní G4, ẹ lè fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ojú rẹ̀ tó dọ̀tí lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ á tú òwú rẹ̀ sílẹ̀, á máa jẹ́ kí eruku kọjá.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbọ́ nínú ìbéèrè yín, nítorí náà ẹ fẹ ojú ibi tí fílítà wà. Ilẹ̀ yàrá yín jẹ́ 28 m². Bí afẹ́fẹ́ bá ń sọ̀kalẹ̀ ní mítà 0.3 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi 30,000 m³ ló ń kọjá ní wákàtí kan. Pálí fílítà 610 × 610 mm máa ń gba nǹkan bíi 3,400 m³ ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ pálí 9 ó kéré tán. Fún àdúgbò eléruku bíi Ìdú, ẹ fi sí 12. Afẹ́fẹ́ á rọra gba inú rẹ̀ kọjá, á sì pẹ́ kó tó dí. Atẹ́gùn ọ̀yẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kọjú síbẹ̀, ẹ sì gbé e sókè kúrò nílẹ̀.

Ẹ fi géèjì tó ń wọn ìyàtọ̀ agbára afẹ́fẹ́ sí i, okùn rẹ̀ kan lókè fílítà àjà, ìkejì nínú yàrá. Ẹ kọ iye tó kà lọ́jọ́ tí gbogbo fílítà jẹ́ tuntun sára ògiri. Tó bá ti di ìlọ́po méjì, ẹ pààrọ̀ ti àjà. Ti iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ o, kí ẹ nu inú ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti àjà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eruku tó bá já á bọ́ sórí fílítà tuntun. Ojú tó ní àwọ̀n ni kó kọjú sílẹ̀. Ẹ tan fáànù fún ìdajì wákàtí kí ọkọ̀ kankan tó wọlé.

Ìyá, mo gbà fún yín lórí tíṣù. Kí ó dọ́gba.