Ìdáhùn: kernel, èkùrọ́, àti orúkọ àwọn tó ń gbé inú sáfà

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti kọ látìgbà tí àbúrò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kaduna ti béèrè bí òun ṣe lè fi Yorùbá kọ ìlànà fún àwọn ọmọṣẹ́ òun, lórí bí wọ́n ṣe máa dán kernel tuntun (ètò inú lọ́hùn-ún tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ) wò lórí sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin ní ká pe kernel ní "ọkàn ẹ̀rọ". Olùkọ́ wa àgbà ní "ọpọlọ ẹ̀rọ" ló dáa jù. Àbúrò wa kan ní Kubwa ní kò sóhun tó burú nínú "kẹ́nẹ́ẹ̀lì", ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ sáfà ni mo fi ń jẹun níhìn-ín ní Àbújá, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́: "ọkàn" kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lórí Proxmox tí àbúrò wa ń lò, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí sáfà kan gbé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sínú, bí a bá fi kernel tuntun sí i, ti tẹ́lẹ̀ kò lọ síbì kankan. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ wà níbẹ̀, wọ́n tilẹ̀ lè di mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn la máa ń yan èyí tí yóò ṣiṣẹ́. Bí tuntun bá ń ṣe ségesège, a ó pa ẹ̀rọ, a ó tún un tàn, a ó sì yan ti àná. Ohun tó ń ki ẹni tó ń dán an wò láyà gan-an nìyẹn. Ta ló wá ní ọkàn méjì láyà tó ń yan ọ̀kan láàárọ̀? Ní èdè wa, ọlọ́kàn méjì ni ẹni tí a ò lè gbára lé. Ọmọṣẹ́ tó bá kà pé ọkàn ẹ̀rọ lòun fẹ́ pààrọ̀, ẹ̀rù á bà á, kò ní fọwọ́ kàn án. Bí a kò bá sì fọwọ́ kan kernel tó ti gbó, gbogbo ihò tí àwọn olè ti mọ̀ nínú rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ọpọlọ" ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pe prósẹ́sọ̀ ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé sì ti ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Prósẹ́sọ̀ jẹ́ irin tí a lè fọwọ́ dì mú. Iṣẹ́ tí a kọ sílẹ̀ ni kernel jẹ́, òun ló ń sọ ohun tí irin náà yóò ṣe. Bí a bá sọ méjèèjì lórúkọ kan, ìjà la dá sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni èyí tí màmá kan láàárín wa sọ, tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn: èkùrọ́, ohun tí kernel fúnra rẹ̀ jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wo bó ṣe wọ̀ ọ́. Àwọn tó ṣe Unix, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kan, ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, ní apá méjì tí orúkọ wọn so pọ̀: èyí tó wà nínú àti èyí tó bò ó. Èyí tó bò ó ni shell, ibẹ̀ ni a ń tẹ àṣẹ sí. Èyí tó wà nínú ni kernel, òun nìkan ló ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan mẹ́mọ́rì, dísíìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí a bá ti mú èkùrọ́, èèpo ti wà nílẹ̀ fún shell, kò sì sẹ́ni tí a ó máa ṣàlàyé fún pé inú èèpo ni èkùrọ́ ń gbé. "Ọkàn" kò lè fún wa ní ìkejì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi òkúta pa èkùrọ́ rí mọ̀ pé èèyàn lè pa ẹyọ kan kó bá méjì nínú rẹ̀. Ohun tí "ọkàn" kò gbà, èkùrọ́ gbà á.

Àwọn kan láàárín wa ní ọmọ tí a bí sí Mararaba tàbí Gwarinpa, ní agbègbè Àbújá níhìn-ín, kò mọ èkùrọ́. Ó mọ àdín, ara rẹ̀ ni wọ́n fi pa nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó sì ti gbọ́ pé èkùrọ́ lalábàákú ẹ̀wà. Ṣé àwọn ọmọ òyìnbó tó ń kọ kernel lójoojúmọ́ ti pa èkùrọ́ rí ni? Iṣẹ́ ló kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ á kọ́ tiwa náà.

Àbúrò mi ní Kubwa, mi ò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò o. Nínú gírámà wa, fóníìmù àti sílébù jókòó ti ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ, ilé ò sì dàrú. O ní rédíò ló borí asọ̀rọ̀mágbèsì lẹ́nu ará ìlú, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ló fà á? Sílébù mẹ́fà ni asọ̀rọ̀mágbèsì, mẹ́ta ni rédíò. Ẹnu fẹ́ràn èyí tó kúrú. Wá ka kẹ́nẹ́ẹ̀lì, mẹ́rin ni. Ka èkùrọ́, mẹ́ta. Bó bá jẹ́ òfin ẹnu la fẹ́ tẹ̀lé, òfin náà ti dá èkùrọ́ láre.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí a fi ń mọ èkùrọ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn ni mo fẹ́ dúró lé jù, nítorí ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ ti lè ṣe ohun tí yóò ba sáfà jẹ́. Ẹnì kan béèrè níbí pé báwo ni 6.11 ṣe lè tuntun ju 6.8 lọ, nígbà tó jẹ́ pé 6.8 ló pọ̀ jù. Ìbéèrè tó dáa ni. Bí a bá kà á bí ìṣirò ilé ìwé, 6.8 pọ̀ ju 6.11 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àmì tó wà láàárín yẹn kì í ṣe àmì ìdá mẹ́wàá, ìpààlà lásán ni. Linux ni èkùrọ́ tí Proxmox ń lò: 6.8 rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta 2024, 6.11 jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ló sábà máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Àwa tó ń fi Yorùbá kà á ló yẹ kí ó rọrùn fún jù, nítorí a ní ọ̀nà tí a fi ń ka ohun tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jẹ́ ká máa kà á báyìí: "ìdì kẹfà, ẹ̀dà kẹjọ", "ìdì kẹfà, ẹ̀dà kọkànlá". Ẹni tó bá gbọ́ kẹjọ àti kọkànlá kò tún ní béèrè èyí tó dé kẹ́yìn.

Olùkọ́ wa àgbà ní "ìran" ló yẹ kó wà níwájú dípò "ìdì". Ẹ má bínú sí mi, sà. Ìran ń sọ pé bàbá kú, ọmọ dìde, ohun ńlá yí padà. Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, ti sọ ọ́ léraléra pé nọ́ńbà iwájú yẹn kò ní ìtumọ̀ pàtàkì kan. Ẹ̀yìn 5.19 ni 6.0 jáde ní 2022, kì í ṣe pé wọ́n wó ilé kí wọ́n tó kọ́ òmíràn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ń pọ̀ jù, wọ́n kàn ṣí ìdì tuntun. Ìdì kò purọ́.

Bí ẹ bá tẹ uname -r, àṣẹ tó ń sọ èkùrọ́ tó ń ṣiṣẹ́, sórí ẹ̀rọ àbúrò wa, ó lè fi 6.8.12-4-pve hàn yín. Ìdì kẹfà, ẹ̀dà kẹjọ, àtúnṣe kejìlá. 4 àti pve tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti àwọn ará Proxmox fúnra wọn, tí wọ́n mú èkùrọ́ náà tí wọ́n tún un tò fún iṣẹ́ tiwọn. Mo rò pé "ìtúntò kẹrin" bá a mu.

Ó wá kan àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nínú sáfà. "Ẹ̀rọ ayédèrú" tí àwọn kan ń lò fún virtual machine yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká pa á tì lónìí. Oògùn ayédèrú ń pa èèyàn. Náírà ayédèrú ń gbéni lọ sẹ́wọ̀n. Oníbàárà wo ni màá sọ fún pé orí ẹ̀rọ ayédèrú ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀ wà? Iṣẹ́ gidi ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe.

Èyí tí mo mú wá ni "onílé" fún sáfà, "ayálégbé" fún ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀. Ará Àbújá kò nílò àlàyé lórí onílé àti ayálégbé. Ó sì tún ràn wá lọ́wọ́ ju ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì dé lọ, tó ń pe wọ́n ní olùgbàlejò àti àlejò, nítorí oríṣi méjì ló ń gbé inú Proxmox. Ọ̀kan gba fúláàtì tirẹ̀, ó ní ilé ìdáná tirẹ̀: ó ní èkùrọ́ tirẹ̀ nínú, ì báà jẹ́ Windows tàbí Debian, kò sì mọ̀ bí onílé bá pààrọ̀ tirẹ̀ lálẹ́. Ìkejì gba yàrá kan, ó ń bá onílé lo ilé ìdáná kan náà. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kọ̀ntẹ́nà. Kò ní èkùrọ́ kankan nínú, ti onílé ló ń lò. Ọjọ́ tí onílé bá pààrọ̀ èkùrọ́, ọjọ́ náà gan-an ni ti kọ̀ntẹ́nà yí padà, ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni àkọ́kọ́ ní "ẹ̀rọ ayálégbé", ká pe ìkejì ní "ẹ̀rọ àjọgbé". Orúkọ náà á ti kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ kó tó ka ìlànà: àwọn àjọgbé ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò lẹ́yìn tó bá tan èkùrọ́ tuntun.

Èyí kò ní kí ọkàn wa balẹ̀ lórí àwọn ayálégbé o. KVM, tó ń jẹ́ kí wọ́n lè gbé inú onílé rárá, inú èkùrọ́ onílé ló wà, láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á wọlé sínú Linux 2.6.20 ní 2007. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, gbogbo ilé ló máa mì.

"Ìpayà èkùrọ́" tí àwọn kan dábàá fún kernel panic, ìgbà tí èkùrọ́ bá dá iṣẹ́ dúró lójijì, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ìpayà bá ń sáré káàkiri, ó ń ṣe ohun tí kò yẹ. Èkùrọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá rí àṣìṣe tí kò lè kọjá láìba nǹkan jẹ́, ó máa dúró gbọnin, kó má baà kọ ìkọkúkọ sórí dísíìkì. Lójú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, lẹ́tà funfun á kún ojú dúdú, ìlà tó kẹ́yìn á sọ ohun tí kò rí, kọ́sọ̀ ò ní ṣẹ́jú mọ́, bọ́tìnnì kankan ò sì ní dáhùn. Ó dákú nìyẹn. "Ìdákú" ni mo fi orúkọ rẹ̀ pè.

Lórí "ìdánwò" fún test, mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ti di ti WAEC àti JAMB. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ìṣe, "dán an wò", ó ti yanjú. Èkùrọ́ tí Proxmox kò fi dandan gbé fún ẹnikẹ́ni, tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́, "èkùrọ́ àfínnúfíndọ̀gbà" ló yẹ ẹ́. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ó sì gbé ẹrù iṣẹ́ lé ẹni tó gbà á lórí.

Àbúrò mi ní Kaduna, mo gbìyànjú apá kan ìlànà rẹ báyìí, kí o wò ó bóyá ó yọ̀ lẹ́nu:

"Kọ́kọ́ fi àdàkọ gbogbo ayálégbé àti àjọgbé pamọ́ síbòmíràn, kí o sì dá ọ̀kan padà láti rí i pé ohun tí o fi pamọ́ ṣeé lò. Kọ orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sínú ìwé. Èkùrọ́ tuntun lè sọ ọ́ lórúkọ mìíràn, vmbr0, afárá tó so àwọn tó wà nínú sáfà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì ní rí i mọ́. Sáfà á wà láàyè, ṣùgbọ́n o kò ní lè bá a sọ̀rọ̀ láti ilé. Nítorí náà, má ṣe é bí kò bá sí ẹnì kan nítòsí ẹ̀rọ. Orí sáfà tí kò gbé iṣẹ́ oníbàárà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Fi proxmox-kernel-6.11 sí i, tún ẹ̀rọ tàn, kí o sì fi uname -r wo èkùrọ́ tó jí. Ka ohun tí èkùrọ́ sọ nínú journalctl -k. Tan àjọgbé kan, lẹ́yìn náà ayálégbé kan. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí wàá fi rí i lábẹ́ ẹrù gidi, kí o tó lọ sórí sáfà kejì."

Ó ku pin, àṣẹ tó ń yan èkùrọ́ kan tí ẹ̀rọ yóò máa tàn nígbà gbogbo. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, èkùrọ́ tó tuntun jù ni ẹ̀rọ máa ń tàn. Ọmọṣẹ́ lè rí i pé tuntun kò dáa, kó fọwọ́ yan ti àná lójú ẹ̀rọ, kó lọ sùn. Bí iná bá wá lọ lóru tí bátìrì sì tán, nígbà tí iná bá dé, sáfà á tàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí kò dáa yẹn. Ìdí tí proxmox-boot-tool kernel pin fi wà nìyẹn, àti unpin tó ń yí i padà. Ẹ̀gbọ́n wa ní "kàn mọ́lẹ̀". Ohun tí a fi ìṣó kàn, à ń bà á jẹ́ kí a tó lè yọ ọ́. "So" àti "tú" ni mo fara mọ́: so èkùrọ́ 6.8.12-4-pve mọ́lẹ̀, bí àtúnṣe bá dé, tú u. Ṣùgbọ́n irú pin kan wà tó jẹ́ fún ìgbà kan péré, --next-boot, tó ń tú ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tàn lẹ́ẹ̀kan. "Àsotúra" ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tó gbọ́ èdè jù mí lọ, ṣé ẹ gbà á, àbí ẹ ní èyí tó dára jù ú lọ?