Òdòdó inú ọgbà mi ń tan, ṣùgbọ́n elégédé kọ̀, kò so: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ ọgbà. Àsìkò ooru yìí ń dùn mọ́ mi gan-an, nítorí pé àwọn òdòdó tí mo gbìn yí ebè ẹ̀fọ́ mi ká ti tanná tán, kòkòrò oyin sì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn láti òwúrọ̀ kùtùkùtù; kí n má purọ́, bí mo bá ti gbé korobá omi débẹ̀, ó máa ń nira fún mi láti padà sílé. Tòmátì ń ṣe dáadáa. Elégédé ni ó ń dà mí láàmú. Mo mọ̀ pé òdòdó rẹ̀ pín sí akọ àti abo, pé akọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, àti pé abo a máa ní ọmọ róbótó nídìí kí ó tó tanná rárá. Àwọn abo ti yọ báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ ìdí wọn a máa pọ́n rúsúrúsú, a sì máa jẹrà kí ó tó tóbi tó àtàǹpàkò, èyí tí ó mú mi rò pé ìyẹ̀fun inú akọ kò dé ara wọn, bí oyin tilẹ̀ pọ̀ tó yìí. Ṣé kí n já akọ láàárọ̀, kí n fa ewé òdòdó ara rẹ̀ tu, kí n sì fi àárín rẹ̀ ra inú abo fúnra mi, àbí ooru ọ̀sán ni ó ń fa wàhálà yìí? Ẹni tí ó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀wọ́, akọ mélòó ni ẹ ń lò fún abo kan?