Kí n tó fi owó sẹ́ńsọ̀ ránṣẹ́ sílé

Ọmọ Ṣúrùlérè, Manchester: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Corolla 2005 tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Ṣúrùlérè ti tan iná check engine. Mẹkáníìkì ka kóòdù, P0113 ló gbé wá. Ó ní sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ ti kú, ká lọ ra òmíràn ní Ladipo, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ṣé kí n fi owó ránṣẹ́?

Rẹwáyà Yaba, Calgary: Má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, àbúrò. Kóòdù yẹn ò pe sẹ́ńsọ̀ lókùú. Ó ń sọ pé iná tó yẹ kó gba inú sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́ kọjá ò rí ọ̀nà gbà. Wáyà lè ti já. Ẹni tó pààrọ̀ éà fíltà sì lè gbàgbé láti ki sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ìyẹn wọ́pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ!

Kí àbúrò rẹ wo ooru afẹ́fẹ́ lórí skáànà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù. Bó bá rí -40°C, ojú ọ̀nà iná ti já níbì kan. Àbí yìnyín ti ń já bọ́ ní Ojúẹlẹ́gba?

Lára ọkọ̀ yẹn, sẹ́ńsọ̀ ooru ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́, lẹ́bàá éà fíltà. Wáyà márùn-ún ló wọ̀ ọ́. Kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì, kó fi ẹsẹ̀ dúdú mítà kan orí négátíìfù bátìrì. Kó fi ẹsẹ̀ pupa kan THA, wáyà tó ń gbé ìròyìn ooru: ó gbọ́dọ̀ gbé nǹkan bíi volt 5 wá. +B, wáyà iná bátìrì, bíi 12. Bí 5 bá pé, kó pa kọ́kọ́rọ́, kó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so THA mọ́ E2, wáyà tó ń dá iná sẹ́ńsọ̀ ooru padà, nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó tún tan án. Bí skáànà bá fò lọ sí 140°C, wáyà dáa, sẹ́ńsọ̀ ló kú. Kó má fọwọ́ kan +B o, jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ wo ti eku náà. Wọ́n jẹ wáyà ọkọ̀ wa ní Ìkẹjà tán pátápátá.

Ọmọ Ṣúrùlérè, Manchester: Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣe é, èmi náà ń wò ó lórí fídíò WhatsApp. 5 pé. Ó so THA mọ́ E2, -40 ò mì. Ó wá so THA mọ́ irin ẹ́ńjìnì, ló bá fò lọ sí 140!

Rẹwáyà Yaba, Calgary: Ojú ọ̀nà E2 ló já nìyẹn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Ṣúrùlérè, Manchester: Háà! Irin E2 ti dógùn-ún, ó ní àwọ̀ ewé ló ní. Omi àgbàrá wọ ọkọ̀ náà lóṣù tó kọjá.

Rẹwáyà Yaba, Calgary: Kó fọ̀ ọ́, bí irin bá ti jẹ tán kí rẹwáyà pààrọ̀ ẹ̀. Kó tó dè é padà, kó fi mítà wọn sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀, láàárín THA sí E2. Lóoru Èkó kò yẹ kó jìnnà sí kilo-ohm 2. Bí mítà bá kọ OL, ìyẹn pé iná ò kọjá rárá, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ rántí Ladipo, kó sì mú ti àtijọ́ dání kó lè fi nọ́ńbà ara ẹ̀ wé tuntun.