Owó tí bàbá wa fi ń ránṣẹ́ sílé ni wọ́n bi wá léèrè

Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ìrírí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi níbí nípa bí wọ́n ṣe ń wá ilé ìtọ́jú fún òbí wọn tó ti dàgbà ní Amẹ́ríkà, ọkàn mi ò sì gbà kí n dákẹ́.

Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, là ń gbé. Bàbá wa wa takisí níbẹ̀ fún ọdún 22, wọ́n ń san owó orí wọn, torí náà nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 65, wọ́n rí Medicare, ètò ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, gbà láìsí wàhálà. Ìgbà tí rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún la tó mọ ibi tí Medicare mọ. Ó san owó ọsibítù. Ó san ọjọ́ 20 àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìrìn padà. Láti ọjọ́ 21 a ní láti máa dá owó sí i, tó bá sì ti di ọjọ́ 100, ó parí nìyẹn. Ilé tí àgbàlagbà á máa gbé, tí wọ́n á máa bá a wẹ̀, tí wọ́n á máa fún un lóògùn lásìkò, Medicare ò sanwó ẹ̀. Èmi ti rò pé káàdì yẹn kárí ohun gbogbo.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, lóru. Mò ń gbé bàbá olóbàbá sórí ibùsùn, bàbá tèmi wà nílé, wọn ò lè dá dìde lọ tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká má gbé wọn lọ ibì kankan, pé kí làwọn ará ìjọ máa wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ò tíì pààrọ̀ ìlédìí bàbá lẹ́ẹ̀kan rí, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Bá a ṣe forí lé Medicaid nìyẹn, ètò ìjọba tó ń bá àwọn tówó wọn ò tó san owó ìtọ́jú. Ní Texas, STAR+PLUS, ìyẹn ẹ̀ka Medicaid tó wà fún àgbàlagbà àti aláàbọ̀ ara, lè san owó ìtọ́jú ní irú ilé àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Owó yàrá àti oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀. Social Security bàbá, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san fún wọn, ló ń gbé ìyẹn. Èèyàn máa ń tò fún un, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀. Owó ọwọ́ ẹni ò gbọdọ̀ ju 2,000 dọ́là lọ, ìyẹn ò sì ni wá lára. Ìwé báńkì ọdún márùn-ún tí wọ́n béèrè ló dá wa dúró.

Òṣìṣẹ́ Medicaid tó ń yẹ ìwé náà wò fi bírò yí àwọn owó tí bàbá fi ránṣẹ́ ká lọ́kọ̀ọ̀kan: 3,000 dọ́là, 1,200, 800, gbogbo ẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní kí ni wọ̀nyí? Lójú òfin wọn, owó tí ẹ bá fún èèyàn láàárín oṣù 60 ṣáájú ìgbà tí ẹ béèrè, ẹ̀bùn ni. Wọ́n á ṣírò ẹ̀, wọ́n á sì fi dá ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó dúró. Ta ló sọ ìyẹn fún bàbá mi nígbà tí wọ́n ń sin ìyá wọn?

Ìwé ọmọléèwé kan ló yọ wá. Gbogbo owó tí bàbá bá fi ránṣẹ́, wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́, iye, ẹni tó gbà á, ohun tí wọ́n fi ṣe. “Pósí.” “Màlúù kan.” “Owó iléèwé, táàmù kejì.” Mo tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé dé ojú ewé. Àbúrò bàbá ya fọ́tò àwọn rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú káàdì ìpè ìsìnkú. Òfin gbà kéèyàn fi hàn pé kì í ṣe torí Medicaid lòun ṣe fún èèyàn lówó. Wọ́n gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Wọ́n tún béèrè nípa ilé tó wà ní Nàìjíríà. Ti mọ̀lẹ́bí nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́lé lórúkọ ara ẹ̀ ní Nàìjíríà, kó lọ bá lọ́yà kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó má sì fi í pa mọ́ o. Ẹni tó béèrè níbí nípa màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pẹ̀lú green card, ìyẹn ìwé àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà, ó kéré tán, ọdún márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n dúró kí Medicaid tó gbà wọ́n.

Oṣù mẹ́jọ ló gbà kí bàbá tó wọ ilé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé báàgì wọn wọlé. Ìwé yẹn wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sínú ẹ̀ báyìí.