Tíọ́rì, àbá, ìwòye: kí ló wà láàárín 'walẹ̀' àti 'pìtàn'?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí ní òun ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kan nípa ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ('archaeology'), ìyẹn wíwú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ láti fi pìtàn, òun sì fẹ́ máa lo 'àbá' ní gbogbo ibi tí òǹkọ̀wé bá ti lo tíọ́rì ('theory' lédè Gẹ̀ẹ́sì). Àwọn méjì ti gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àyálò ni 'tíọ́rì', ó sì ti sú àwọn láti ọjọ́ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti ń lò ó. Èmi náà ò kọ̀ kí á wá Yorùbá rẹ̀, àmọ́ 'àbá' kọ́.

Dídá là ń dá àbá. Bí a bá ti dá a tán, a ó máa wò ó bóyá yóò ṣẹ. Bí awalẹ̀pìtàn bá sọ pé iná ló jó ilé kan wó, àbá ló dá yẹn. Yóò wá eérú, yóò wá amọ̀ tí iná sun. Bí kò bá rí wọn, àbá ti wọ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tí à ń pè ní tíọ́rì ti wà lójú rẹ̀ kó tó gbé ṣọ́bìrì. Òun ló jẹ́ kó mọ̀ pé eérú tó ohun tí èèyàn ń wá, pé ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ ti yí padà tó ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń walẹ̀ kò wá ju wúrà àti ère lọ. Èédú àti egungun ẹja ń bá iyẹ̀pẹ̀ lọ síbi ààtàn, ojú wọn sì rí i kedere.

Ẹ wo sàréè kan tí wọ́n hú ní Birka, ìlú àtijọ́ kan lórílẹ̀-èdè Sweden, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n bá idà, àáké, ọ̀kọ̀, ọfà, asà àti egungun ẹṣin méjì níbẹ̀. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ọkùnrin jagunjagun ni ìwé ń pe òkú náà, àfi ìgbà tí àyẹ̀wò DNA tí wọ́n gbé jáde ní 2017 fi hàn pé obìnrin ni. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin ni? Egungun kọ́. Ohun ìjà ni wọ́n rí, ó sì ti dá wọn lójú tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin ló ń ni ohun ìjà. Kò sẹ́ni tó dá a lábàá, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àbá tí ẹnikẹ́ni kò dá, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ àbá? Àríyànjiyàn ò sì tíì parí lórí bóyá jagunjagun lobìnrin náà, torí pé ohun tí wọ́n sin mọ́ èèyàn lè má jẹ́ iṣẹ́ tó ṣe láyé.

Ti Great Zimbabwe, àwókù ìlú olókùúta tó wà ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Karl Mauch, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé ibẹ̀ ní 1871, ó wo igi kan níbẹ̀, ó ní ó jọ igi tí wọ́n fi ṣe pẹ́ńsù òun, pé kédárì Lẹ́bánónì ni, ó sì gbé ilé náà fún Ọbabìnrin Ṣébà. Awalẹ̀pìtàn David Randall-MacIver walẹ̀ níbẹ̀ ní 1905, Gertrude Caton-Thompson náà walẹ̀ ní 1929, àwọn méjèèjì ní ọmọ Áfíríkà ló kọ́ ọ. Òkúta ò yí padà, ojú tí wọ́n fi wò ó ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni 'ìmọ̀'. Ẹnì kan ní kí á kàn pe gbogbo ohun tí awalẹ̀pìtàn bá rí ní ìmọ̀, kí á sì máa lọ. Ibi tí mo ti fẹ́ kí á rọra nìyí. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí, ti tú 'mọ̀' àti 'gbàgbọ́' wò pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Yorùbá nínú ìwé wọn tó jáde ní 1986: ohun tí èèyàn fojú ara rẹ̀ rí ló ń sọ pé òun mọ̀, ohun tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì ló ń gbàgbọ́. Awalẹ̀pìtàn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Lewis Binford, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, tẹnu mọ́ ọn pé òní ni ohun tí à ń hú wà, ojú kan ló sì dúró sí. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ló ń rìn, tí wọ́n ń pa ẹran, tí wọ́n ń ṣí kúrò. Ìdí nìyẹn tí Binford fi lọ bá àwọn Nunamiut, àwọn ọdẹ kan ní Alaska, tó ń wo bí ọdẹ ṣe ń kun ẹran, ibi tí egungun ń já sí. Ó lọ fojú rí ti alààyè kó lè fòye mọ ti òkú. Lójú tèmi, ìfòyemọ̀ lorúkọ rẹ̀.

Kódà ọjọ́ orí ohun àtijọ́ tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù wọ̀n, irú èyí tí Willard Libby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní 1949, kò yọ sílẹ̀. Irú kábọ́ọ̀nù kan, kábọ́ọ̀nù 14, wà nínú ohun alààyè; bí ohun náà bá ti kú, ìdajì rẹ̀ a máa run láàárín nǹkan bí ọdún 5,730. Ẹ̀rọ lè sọ ìgbà tí òrùka inú igi náà dàgbà. Ìgbà tí wọ́n fi igi ṣe òpó ilé, ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ igi àlòkù. Ìfòyemọ̀ ló kù.

Ẹ tún ń kánjú jù láti pe gbogbo ohun tí a bá hú ní 'ẹ̀rí'. Àpáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì jẹ́rìí kankan, nítorí náà ipasẹ̀ ni mo máa pè é títí a ó fi bi í ní nǹkan.

Ó wá ku tíọ́rì fúnra rẹ̀. 'Ìwòye' ni mo fà kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń lò ó fún ohun tí èèyàn ṣàkíyèsí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí tíọ́rì ti wá, wíwò lòun náà, àkíyèsí sì ti wà fún ti àkọ́kọ́. Nínú 'awalẹ̀pìtàn', ìwòye ló so 'walẹ̀' pọ̀ mọ́ 'pìtàn'. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó dáa jù ú, kó mú un wá, àmọ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a lè lò fún sàréè Birka láìjẹ́ pé a ń sọ pé ẹnì kan ló jókòó dá a lábàá. Kí olùtumọ̀ wa fi ìpínrọ̀ kan ránṣẹ́ láti inú orí tó ṣòro jù, kí á fi ìwòye, àbá, ipasẹ̀ àti ìfòyemọ̀ síbẹ̀, kí á kà á sókè.